Èèwọ̀ Gílóòbù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Bí o bá dé Ìjù lẹ́bàá Ọ̀tà ní àkókò yẹn, tí iná mọ́tò rẹ kò tàn, ọ̀dọ̀ Rùfáì rìwáyà ni wọ́n máa júwe fún ọ. Wọn kò ní sọ fún ọ pé ó mọ iṣẹ́ iná mọ́tò ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí wọ́n máa sọ ni pé, "Lọ bá Rùfáì Aláńkáṣíìfù." Ìdí ni pé Rùfáì kì í fi ọwọ́ kan dígí gílóòbù. Bí ó bá fẹ́ fi gílóòbù sí iná iwájú, yóò kọ́kọ́ fọ ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ kírun, yóò nù ún gbẹ, yóò wá fa áńkáṣíìfù funfun kan yọ láti inú àpò àyà, èyí tí ìyàwó rẹ̀ Ràbíátù kò gbọ́dọ̀ fọ̀ pọ̀ mọ́ aṣọ mìíràn. Áńkáṣíìfù yìí ni yóò fi gbé gílóòbù náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbé ọmọ tí wọ́n bí lánàá. Bí o bá ń kánjú, ìwọ lo mọ̀.

Bí o bá bi í pé kí ló dé, èsì kan ṣoṣo ló ní: "Èèwọ̀ ni." Bí o bá tún bi í pé èèwọ̀ ta ni, á wò ọ́ láti òkè dé ilẹ̀, á ní, "Èèwọ̀ iṣẹ́." Ó fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà máa ń mú kí oníbàárà dákẹ́, kó sì fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ọkùnrin tí olówó mọ́tò bá sì ń fi ẹsẹ̀ sẹ́yìn fún, á kúkú gbàgbé pé òun ò ní mọ́tò. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, Rùfáì fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀gá Fákọ̀yà tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Òṣogbo ló gbá a létí lọ́jọ́ tó fi ọwọ́ kan dígí, tó sì ní, "Èèwọ̀!" Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá létí kì í dúró béèrè ìdí.

Ọmọ Ìwó ni Rùfáì. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ló gbé e wá sí Sángo, níbi tí òun àti Ràbíátù ti ń ṣe ike. Nígbà tí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n fi Ràbíátù sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ní kí ọkọ rẹ̀ máa lọ sílé, ọ̀rọ̀ tí Ràbíátù ò jẹ́ kó gbàgbé. Ó bá padà sídìí iṣẹ́ rìwáyà. Ó bọ́ sí àsìkò. Oko ẹ̀gẹ́ kan di ṣọ́ọ̀ṣì, oko ẹ̀gẹ́ kejì di yunifásítì, ẹ̀kẹta di ilé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní méjèèjì. Pásítọ̀ ń ra mọ́tò, olùkọ́ ń ra mọ́tò, àwọn olórin ìjọ náà ń ra tiwọn. Tòkunbọ̀ ń ya wọ Ìjù bí omi, ìdajì wọn ló sì jẹ́ olójú kan.

Ohun tí Rùfáì kò ní ni ibi tí yóò jókòó sí. Wọ́n ti lé e ní ibi mẹ́ta. Wọ́n fẹ́ fẹ títì, wọ́n wó búkà iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ta ilẹ̀ ibi kejì fún ìjọ kan. Onílẹ̀ ibi kẹta kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Dìákónẹ́ẹ̀sì Fadékẹ́ ló ṣàánú rẹ̀, tó fún un ní iwájú ilé rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Opó ni, àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó, òun sì ni wọ́n fi ṣe alábòójútó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì náà. Mọ́mì Ayọ̀kúnnúmi ni gbogbo àdúgbò ń pè é. "Mo kàn fẹ́ kí èèyàn wà níwájú ilé mi tí mi ò bá sí nílé ni," ohun tó wí nìyẹn. Ràbíátù sì sọ fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà pé, "Bí o bá tún jẹ́ kí wọ́n lé wa níbí, Ìwó ni kí o gbà lọ. Èmi ń bẹ nídìí ike." Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Nítorí náà ni Rùfáì ṣe ń tọ́jú mọ́tò Mọ́mì ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Kòróòlà aláwọ̀ wáìnì ni. Láàárọ̀ kùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́, ni Mọ́mì máa ń gbé e jáde, kó lè débẹ̀ kí àwọn ọmọ tó jí. Lójú ọ̀nà yẹn, àwọn tírélà ilé-iṣẹ́ àti àwọn kòtò ni wọ́n jọ ni títì, ẹni tí iná rẹ̀ kò bá mọ́lẹ̀, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà. Lọ́jọ́ kan, gílóòbù kan jó mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tí kò ti sí rìwáyà kankan. Bó ṣe délé, Rùfáì ní òun máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń fa ihò mẹ́ta tó gbé iná wá kúrò lẹ́sẹ̀ mẹ́ta gílóòbù, bí wọ́n ṣe ń ṣí rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tẹ wáyà tín-ín-rín tó dì í mú kó lè ré, kí wọ́n tó fa gílóòbù jáde. Mọ́mì ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó yọ. "Rùfáì, nínú gbogbo dìákónẹ́ẹ̀sì wa, ta ló mọ èyí?" Rùfáì ní kò sí. Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀ ni, ì bá ti dára.

"Mọ́mì, ó ku nǹkan kan," ló wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí ìlú. "Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan dígí rẹ̀ o. Èèwọ̀ ni."

Mọ́mì dúró. "Èèwọ̀ báwo?"

"Èèwọ̀ iṣẹ́ ni, mà. Ọ̀gá mi kì í kàn án. Ọ̀gá tó kọ́ ọ̀gá mi kì í kàn án. Ẹni tó bá kàn án, gílóòbù rẹ̀ ò ní pẹ́ kú."

"Nínú mọ́tò tèmi?"

"Nínú mọ́tò gbogbo ayé ni, mà."

Mọ́mì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó wọlé lọ. Rùfáì rò pé obìnrin náà ti fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn bíi ti àwọn yòókù, inú rẹ̀ sì dùn. Òpè ni. Obìnrin tó máa ń jí ní ìdájí láti fagi lé èèwọ̀ ìdílé bàbá rẹ̀ àti ti ìdílé ìyá rẹ̀, tó tún ń bá ìdílé ọkọ rẹ̀ tó ti kú fagi lé tiwọn, ìwọ wá ń sọ fún un pé èèwọ̀ kan ti gbọ̀nà ẹ̀yìn wọ inú Kòróòlà rẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, gílóòbù ọwọ́ ọ̀tún jó. Rùfáì ní ọjà ni kò dáa, ó fi òmíràn sí i. Lọ́jọ́ karùn-ún, òmíràn náà jó. Rùfáì gbé mítà rẹ̀ jáde, ó wò ó bóyá mọ́tò ń fún bátìrì ní iná jù. Kò fún un jù. Ó tún ibi tí wáyà ti kan ara mọ́tò fọ̀, ó pààrọ̀ ojú ihò mẹ́ta náà. Ó tilẹ̀ wọkọ̀ lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Èkó fúnra rẹ̀, ó lọ yan ojúlówó lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Ẹ̀kẹta yìí lo ọjọ́ mẹ́fà.

Èyí tó wá ń ya Rùfáì lẹ́nu jù ni pé iná ẹ̀yìn kò kú. Iná bíréèkì ń tàn, tírafíkétọ̀ ń ṣẹ́jú, iná ríbáàsì mọ́lẹ̀ yòò. Ọ̀tá wo ló ń bá iwájú nìkan jà?

"Ẹ jẹ́ kí n wo èyí tó jó yẹn, mà," ló bẹ Mọ́mì.

"Má fọwọ́ kàn án," ni Mọ́mì dáhùn. "Ẹ̀rí ni." Kí Rùfáì tó débẹ̀ ló ti máa ń yọ gílóòbù tó jó fúnra rẹ̀, ó ń kó wọn sínú agolo mílíìkì kan, ó sì ń gbé agolo náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Òun náà ti ní èèwọ̀ tirẹ̀ báyìí.

Nílé, Ràbíátù gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀. "Ṣé o fọwọ́ kàn án ni?"

"Èmi! Èmi Rùfáì!"

"Ó dáa. Bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án ńkọ́, kí ló ń ṣe é?"

"Ó máa kú."

"Kí ló máa pa á?"

Rùfáì ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì sí ìbéèrè tó mú un bẹ́ẹ̀. Ó jáde sẹ́yìnkùlé, ó fi fóònù pe Ọ̀gá Fákọ̀yà ní Òṣogbo. Wọ́n kíra wọn tán, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí a kì í fi ọwọ́ kan dígí gílóòbù?"

Ọ̀gá Fákọ̀yà dákẹ́ títí, Rùfáì ń rò ó pé bóyá káàdì ti tán. Lẹ́yìn náà ni bàbá náà fohùn. "Èmi náà ò bi ọ̀gá mi. Ta ni ìwọ tó fi wá ń bi mí?" Ó pa fóònù.

Gílóòbù kẹrin ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ Ọjọ́rú ni, ojú kan Kòróòlà kú lójijì nígbà tí Mọ́mì ń yà fún tírélà, mọ́tò sì fi ẹsẹ̀ iwájú kan wọ gọ́tà. Kò farapa, ṣùgbọ́n àwọn lébìrà ilé-iṣẹ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ ló gbé e jáde, bàtà rẹ̀ kan sì wà nínú gọ́tà yẹn di òní. Ìgbà tó padà dé, kò pariwo. Ó dúró níwájú búkà Rùfáì pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan.

"Rùfáì, mi ò mọ ohun tí o ń fi sínú iná mi. Mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. O sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ pé ó máa kú, ó sì ń kú. Lọ́jọ́ Sátidé, Pásítọ̀ Bọ̀wálé láti ìjọ wa ń bọ̀ wá gbàdúrà síwájú ilé yìí. Kí ó tó ṣe àmín, kí o ti kó ẹrù rẹ."

Ẹ̀rù ba Rùfáì gidi. Gbogbo Ìjù ló rìn lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, kò rí ìwọ̀n ibi tí a lè gbé bẹ́ǹṣì sí. Gbogbo ilẹ̀ ti ní pátákó: "Ilé yìí kì í ṣe títà," "Ìjọ ti rà á," "Má tọ̀ síbí." Tó bá ronú kan Ìwó, tó bá ronú kan bí Ràbíátù á ṣe dúró sídìí ike ní Sángo, omi á lé sí i lójú.

Sátidé pé. Pásítọ̀ Bọ̀wálé dé, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ́ tónítóní, tó jẹ́ pé kò tíì pé ọdún kan tó ti gba mọ́tò. Wọ́n gbé àga fún un níwájú búkà. Rùfáì ti di ẹrù, ó jókòó lórí bátìrì ògbólógbòó kan, ó ń wo ilẹ̀. Mọ́mì gbé agolo mílíìkì jáde, ó da gílóòbù mẹ́rin sórí bẹ́ǹṣì.

"Pásítọ̀, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀."

Rùfáì gbé ojú sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rí wọn. Lára dígí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmì dúdú kan wà níbẹ̀ tó wú bí ibi tí omi gbígbóná ta sí lára. Ìlà kan wá láti òkè, ìlà kejì dábùú rẹ̀. Àgbélébùú kékeré ni, mẹ́rin gédégédé. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí Rùfáì lọ́kàn ni pé Ọlọ́run àwọn kìrìsìtẹ́nì ti kọ ìwé lé òun lọ́wọ́ kí òun máa lọ. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó fi gbé ọ̀kan, ó gbé e sí imú. Ó gbọ́ òórùn tó mọ̀, òórùn páànù tí Ràbíátù fi ń dín ẹja.

"Mọ́mì," ló wí. "Òróró wo lẹ fi kàn án, mà?"

"Òróró àdúrà ni!" Mọ́mì na àyà. "O ní èèwọ̀ ni kí n fọwọ́ kàn án. Èmi? Bí o bá ti fi gílóòbù tuntun sí i, lọ́jọ́ kejì ni mo máa ń yọ ọ́, bí o ṣe kọ́ mi, mo ń fi òróró ṣe àmì sí i lójú, mo ń sọ pé èèwọ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ dúró nínú mọ́tò mi. Pásítọ̀ fúnra wọn ló ní ká fi òróró yẹn kan gbogbo ohun tí a ní."

Pásítọ̀ Bọ̀wálé wúkọ́. "Mọ́mì, mo ní ilẹ̀kùn... àti ògiri."

Ọ̀rọ̀ wá ká Rùfáì mọ́ ibi tí kò dáa. Bí ó bá dákẹ́, ó kó ẹrù. Bí ó bá sì la ẹnu sọ pé òróró àdúrà ló ń ba iná jẹ́, òun Rùfáì tó ń kírun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ọjà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti gílóòbù nìyẹn. Ó dìde. Ó mú gílóòbù tuntun méjì, ó so wáyà mọ́ wọn láti orí bátìrì tó dáa. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òróró kan ọ̀kan, bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n fi ìkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Mọ́mì ṣe é, ó sì fi àdúrà tì í lẹ́yìn. Rùfáì tan méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ sọ, gbogbo wọn gbé ọwọ́ bojú. Nǹkankan kò ṣẹlẹ̀. "Ẹ ò rí i?" ni Mọ́mì wí. "Ẹ ò rí i?" Ló bá di pé èéfín díẹ̀ ń rú lára èyí tó ní òróró. Òórùn díndín bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀, ewúrẹ́ àdúgbò kan sì gbórí sókè. Àmì náà pọ́n, ó dúdú, dígí náà ń wú níbi àmì bí ojú ẹni tí agbọ́n ta. Pásítọ̀ ti sún àga sẹ́yìn. Ó pẹ́ díẹ̀, Rùfáì sì ti ń làágùn, kó tó ró "pá!", ó kú. Ìkejì ń tàn lọ, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Mọ́mì wá béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Rùfáì, ṣé o ń sọ pé òróró yìí burú ni?"

"Ó tì o, mà!" Rùfáì wólẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. "Òróró ò burú. Iná yìí ló gbóná ju páànù tí wọ́n fi ń dín ẹja lọ. Ohun tó bá ti ní ọ̀rá, ìbáà ṣe ti ọwọ́ lásán, á jó mọ́ dígí, dígí á wú níbẹ̀, gílóòbù á sì kú. Ti ẹ̀yìn kò gbóná tó bẹ́ẹ̀, ẹ kò sì fọwọ́ kàn wọ́n, ìdí tí wọn ò fi kú nìyẹn." Ó pa gílóòbù tó ń tàn náà, ó dúró kó tutù díẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù dì í mú. "Mọ́mì, ẹ wò ó. Dígí yìí, ojú rẹ̀ ni. Irin ìdí rẹ̀ yìí, orí rẹ̀ nìyí. Orí ni wọ́n ń da òróró sí, mà. Ta ló ń da òróró sí èèyàn lójú?"

Pásítọ̀ Bọ̀wálé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. Mọ́mì wo pásítọ̀, ó wo gílóòbù, ó wo ìka ara rẹ̀ tó ń dán fún òróró. Ó fẹ́ bínú, kò rí ibi tó máa bínú sí. "Àmín," ló wí níkẹyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì sí ẹni tó gbàdúrà.

Rùfáì kò dìde nílẹ̀. Ìtìjú mú un. "Èmi ni mo jẹ̀bi, mà. Ẹ̀rù ni mo fi ń ba àwọn èèyàn. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí rẹ̀, bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n."

"Dìde," ni Mọ́mì wí. "Tú ẹrù rẹ. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o. Mi ò fẹ́ gbọ́ èèwọ̀ níwájú ilé mi mọ́. Nǹkan tí o bá ní kí èèyàn má ṣe, sọ ìdí rẹ̀. Bí o ò bá mọ ìdí, sọ pé o ò mọ̀. Ọjọ́ tí o bá tún fi èèwọ̀ pá ẹnikẹ́ni láyà níbí, ọjọ́ náà lo kó lọ."

Ní ìrọ̀lẹ́, Rùfáì pe Òṣogbo. Ó ṣàlàyé fún Ọ̀gá Fákọ̀yà látòkè délẹ̀: ọ̀rá, ìgbóná, dígí tó wú. "Nítorí ọ̀rá ọwọ́ lásán," ni bàbá náà wí nígbẹ̀yìn, "ni wọ́n ṣe gbá èmi náà létí." Wọ́n jọ dákẹ́ sórí fóònù, kó tó di pé káàdì Rùfáì tán lóòótọ́.

Gílóòbù Kòróòlà kò jó mọ́. Lóṣù kejì, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Adérẹ̀mí gbé mọ́tò olójú kan dé láti yunifásítì. Ó rí Rùfáì tó ń fọ ọwọ́, tó ń nù ún, tó ń fa áńkáṣíìfù yọ. "Ọ̀gá rìwáyà, gbogbo èyí nítorí gílóòbù? Kí ló dé?"

Rùfáì na ọrùn. Ara rẹ̀ ti gbàgbé. Ó wo olùkọ́ láti òkè dé ilẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èè—"

Fèrèsé òkè ilé Mọ́mì ṣí gbà.

"Rùfáì! Ìdí rẹ̀!"